Fọ́tò Yíyà Lórí Òkè Olúmọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó ń gbé ní Pleasure, ní àgbègbè Alímọ̀ṣọ́, kò rí òkè kankan níwájú tàbí lẹ́yìn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ilé àti ọjà ló sì kún ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n títì tó gba iwájú Pleasure kọjá náà ló gba Sàngó Ọ̀tà àti Ìfọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí àpáta Olúmọ wà. Kò ṣòro fún olùkọ́ láti kó akẹ́kọ̀ọ́ láti ìhà ibẹ̀ lọ gùn ún.

Fọ́tò tí wọ́n ń mú bọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Bí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ bá gun Olúmọ, ogójì ojú ni yóò kún inú kámẹ́rà. Àpáta yóò kàn dúró lẹ́yìn wọn bí ògiri lásán.

Àṣà yìí kò ṣàdédé wáyé. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò Yorùbá, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1978, fi hàn pé ènìyàn ni fọ́tò wọn dá lé: àgbàlagbà a jókòó, a kọjú sí kámẹ́rà, a gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n a máa tẹ fọ́tò èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dúró fún méjèèjì. Ìrántí ni iṣẹ́ fọ́tò. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ túmọ̀ 'àwòrán' sí ohun tí à ń wò láti fi rántí.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ pàápàá yẹ fún ìrántí. Abẹ́ àpáta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú sá sí nígbà ogun, ní nǹkan bí ọdún 1830. Ẹni tó bá dúró lókè rẹ̀ yóò rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ súà, yóò sì rí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké. Ìrísí yìí kì í dúró sójú kan. Nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní nǹkan bí ọdún 2006, wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè kún un. Fọ́tò tí wọ́n yà ṣáájú ìgbà náà ló lè fi hàn bí ẹ̀gbẹ́ àpáta náà ti rí tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé fọ́tò òkè lásán kò wúlò fún ìyá tó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí ènìyàn wà nínú àwòrán, ṣùgbọ́n kí ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́sẹ̀ àpáta, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ bí àpáta ti tóbi tó. Kí wọ́n lọ ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn a wà ní àtàrí, òjìji a pòórá, àpáta a sì dà bí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí ọyẹ́ bá mú, eruku a bo ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn òjò ni ojú sánmà mọ́ jù, àmọ́ kí wọ́n ṣọ́ra, nítorí òkúta a máa yọ̀. Ojúbọ wà níbẹ̀, àwọn àgbàlagbà tó ń tọ́jú rẹ̀ sì wà. Kí ọmọ kúnlẹ̀ tọrọ àyè kí ó tó gbé kámẹ́rà sókè.

Paríparì rẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ ibẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò. Lọ́jọ́ tí ọmọ ẹni bá béèrè bí Abẹ́òkúta ti rí nígbà náà, kí ni ẹni tó ya ojú ara rẹ̀ nìkan yóò mú jáde?