IJÓ KÌ Í BA ỌMỌ JẸ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Angwan Rogo, Jos)



Ní ìpàdé tí ó kọjá, nígbà tí a ń yan àwọn ọmọ tí yóò ṣeré ní ọjọ́ àjọ̀dún wa, ìyá kan dìde, ó ní ọmọbìnrin òun kò ní jó, nítorí iṣẹ́ alágbe ni. N kò bá Màmá jà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan.

Ní Amẹ́ríkà, ijó kan wà tí wọ́n fi bàtà tí a kan irin mọ́ nídìí ń jó. Bí oníjó bá ti gbẹ́sẹ̀, bàtà a dún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni onílù rẹ̀. Ijó yìí ni ó sọ Ruby Keeler di olókìkí nínú sinimá 42nd Street ní 1933, àti Eleanor Powell lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ àwọn méjèèjì ní ijó ni ọ̀gá aláwọ̀ dúdú kan, Buddy Bradley. Nígbà tí ó yá, ó lọ dá ilé-ìwé ijó sílẹ̀ ní London.

Ilé-ìwé yẹn ni Hubert Ogunde gbà lọ ní 1947, òun àti Clementina Oguntimirin, ẹni tí a wá mọ̀ sí Adesewa. Wọ́n kọ́ ijó náà bí ẹni kọ́ṣẹ́ ọwọ́.

Kò rọrùn fún obìnrin nígbà náà. Ogunde ní láti polówó pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá, kí ó tó rí ọmọbìnrin tí yóò bá a ṣeré. Ìlú Jos wa yìí ni wọ́n ti mú un ní 1946 nítorí eré Strike and Hunger, tí ó sì san owó ìtanràn £125. Síbẹ̀, wọn kò jáwọ́.

Adesewa di ìyàwó Ogunde àti aṣáájú àwọn òṣèré rẹ̀ obìnrin. Ní 1970, bí wọ́n ti ń lọ ṣeré ní Iléṣà, ọkọ̀ ní ìjàm̀bá, ó sì kú. Ẹni tí ó kú sẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò pè é ní aláìníṣẹ́?

Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹgbẹ́ yan ìyá méjì tí yóò máa jókòó ti àwọn ọmọ bí wọ́n bá ń kọ́ eré, kí wọ́n sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí ni ẹ̀bẹ̀ mi.