Owó Eré Ìdárayá: Ta Ni Ó Tọ́ Sí?

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ti dé, àwọn bàbá wa sì ti ti oko dé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ọ̀rọ̀ owó ìlú ni, owó tí ó jẹ́ ti gbogbo wa, àti bí ìjọba ṣe ń pín in láàrin bọ́ọ̀lù àti àwọn eré mìíràn.

Bí ẹ bá la ilẹ̀ Ìgbómìnà kọjá, láti Òmù-Àrán dé Rore, láti Rore dé Èsìẹ́, kò wọ́pọ̀ kí ẹ rí ilé-ìwé tí kò ní òpó bọ́ọ̀lù, ì báà ṣe igi lásán ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wá ibi oníyanrìn tí àwọn ọmọ lè máa fò sí, ẹ wá irin gbígbé, ẹ wá kẹ̀kẹ́ ìje: ẹ óò rìn pẹ́ kí ẹ tó rí i. Ọmọbìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ẹsẹ̀ ìgalà lè wà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí lónìí. Bí ó bá bi olùkọ́ rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni mo ti lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò?” kí ni olùkọ́ náà yóò wí? Ọ̀pọ̀ ni yóò ní, “Ìwọ lọ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù.”

N kò bá bọ́ọ̀lù jà o. Ta ni yóò bá a jà? Nígbà tí Kwara United gba ife àpapọ̀ Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí wọ́n lu àwọn ará Abakaliki nínú gbígbá pẹnárítì ní Èkó, inú gbogbo wa ló dùn, ẹni tí kò mọ òfin bọ́ọ̀lù rárá náà ń yọ̀. Ohun tí ó ń kó Ìlọrin, Ìgbómìnà, Nupe àti Ìbàrìbá jọ sínú ayọ̀ kan ṣoṣo, ó yẹ kí ìjọba náwó lé e lórí. Ohun tí mo ń bi léèrè ni pé, ṣé nítorí pé ọmọ kan lariwo nínú ilé ni ìyá yóò fi gbàgbé àwọn tó kù?

Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí ó wà nílẹ̀. Ọdún 1952 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì. Láti ìgbà náà títí dé ìdíje Paris ní ọdún 2024, àmì ẹ̀yẹ 27 ni a gbà. Nojim Maiyegun, akànṣẹ́, ló gba èyí àkọ́kọ́ ní Tokyo ní ọdún 1964. Eré sísá àti fífò ló mú 14 wá nínú 27 náà, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn mú 6, irin gbígbé mú 2, ìjàkadì mú 1, taekwondo mú 1. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? 3 ni: wúrà ní 1996, fàdákà ní 2008, idẹ ní 2016.

Ọ̀rọ̀ ọdún 1996 yìí máa ń yà mí lẹ́nu. Ọlọ́pàá obìnrin kan, Chioma Ajunwa, ló kọ́kọ́ gba wúrà Òlíńpíìkì fún Nàìjíríà, ní Atlanta, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ. Mítà 7.12 ló fò. Ọjọ́ kejì ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wa lu Argentina, 3 sí 2, tí ilé àti oko bú sí ijó. Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyí wà lẹ́nu ọmọdé títí di òní. Ẹ bi wọ́n léèrè Ajunwa kí ẹ wò ó. Ajunwa yìí kan náà sì wà lára àwọn obìnrin tí Nàìjíríà kó lọ gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje ife àgbáyé ní ọdún 1991. Ẹ ò rí i pé àwọn eré yìí kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Orí owó ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, àwọn obìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa, Super Falcons, gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Rabat. Morocco ti gbá góòlù 2 sínú àwọ̀n wa kí tiwa tó gbá 3. Nígbà tí wọ́n délé, Ààrẹ Tinubu fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní 100,000 dọ́là, ó fi ilé oníyàrá mẹ́ta kún un, ó sì fi oyè orílẹ̀-èdè dá wọn lọ́lá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, àwọn obìnrin wa tí ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, D'Tigress, lu Mali 78 sí 64 ní Abidjan, wọ́n sì gba ife Áfíríkà tiwọn ní ìgbà karùn-ún léraléra. Gbogbo ojú yí sí Abùjá. Kí ni ìjọba yóò ṣe? Ìjọba ṣe bákan náà: 100,000 dọ́là, ilé, oyè. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni èyí, ẹ̀yìn ìṣẹ́gun ló sì ń dé. Ẹni tí kò rí ìrànlọ́wọ́ kí ó tó lọ sí ìdíje kò ní dé ibi tí a ti ń pín ẹ̀bùn. Ní Paris ní ọdún 2024, ọmọbìnrin wa tí ń gun kẹ̀kẹ́, Ese Ukpeseraye, kò ní kẹ̀kẹ́ tí ó yẹ fún eré orí pápá róbótó tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sí. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn kí ó tó lè gun ún. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ẹ fẹ́ bá díje ló ń yá yín ní ohun èlò! Ní ọdún náà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn eléré wa tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì. Àwọn aláàbọ̀ ara tí wọ́n tẹ̀ lé wọn lọ gba 7, wúrà 2 sì wà nínú rẹ̀. Folashade Oluwafemiayo gbé irin tí ó wúwo tó kílò 167, ẹnikẹ́ni kò gbé irú rẹ̀ rí láàrin àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìpele ìwúwo kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí owó ìlú ń so èso lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gbàgbé àwọn wọ̀nyí.

Àwọn kan yóò wá sọ pé, “Ó dára, ẹni tí ó bá gba àmì ẹ̀yẹ ni kí a máa fún lówó.” Àwọn ará Britain ti dán èyí wò. Wúrà kan péré ni wọ́n rí gbà ní Atlanta ní ọdún 1996, ojú sì tì wọ́n. Wọ́n mú owó tẹ́tẹ́ ìjọba, wọ́n ń dà á sórí àwọn eré tí ó lè mú àmì ẹ̀yẹ wá, wọ́n sì gba wúrà 29 ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012. Ọgbọ́n náà jẹ́. Àmọ́ ní ọdún 2014 wọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, nítorí pé wọn kò rí ìrètí àmì ẹ̀yẹ lára wọn, bẹ́ẹ̀ eré náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ìgboro ń ṣe, àwọn ọmọ tiwa tí ó wà níbẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tí kò gba àmì ẹ̀yẹ kò ní rí owó. Ẹni tí kò rí owó, báwo ni yóò ṣe gba àmì ẹ̀yẹ? Àgbẹ̀ tí ó ní òun kò ní fún ebè ní èèbù àfi tí ebè bá kọ́kọ́ fún òun ní iṣu, ẹ bi í bóyá yóò jẹun lọ́dún tó ń bọ̀.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe iye kan náà ni ó yẹ kí eré kọ̀ọ̀kan gbà. Kẹ̀kẹ́ ìje wọ́n ju bàtà ìsáré lọ, pápá bọ́ọ̀lù sì fẹ̀ ju ibi ìjàkadì lọ. Kí a wo ohun tí eré kọ̀ọ̀kan nílò, kí a wo iye ọmọ tí ń ṣe é, kí a sì wo ẹni tí ó lè rí owó níbòmíràn. FIFA ń fún àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lówó, àwọn oníṣòwò ńlá ń du àtilẹ orúkọ wọn mọ́ aṣọ agbábọ́ọ̀lù. Ta ni ń du àtilẹ orúkọ mọ́ aṣọ ajàkadì? Ibi tí ọjà kò bá dé ni ìjọba yẹ kí ó kọ́kọ́ dé.

Kí a sì pín in lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí a bá pa ẹran nílé wa, àgbà a máa mọ ipa tirẹ̀, ọmọ osú náà a mọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń gé ẹran nínú yàrá. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe ètò ìnáwó lọ́dọọdún. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn tí ó wà ní Òmù-Àrán náà ń ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹ lọ fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé, nínú èyí tí ẹ kọ sí abẹ́ eré ìdárayá, èló ni ti bọ́ọ̀lù, èló ni ti eré sísá, èló ni ti àwọn obìnrin, èló ni ti àwọn aláàbọ̀ ara?

Bí wọ́n bá sì ní owó kò tó, ẹ má padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ní ọdún 1954, ní Vancouver, Emmanuel Ifeajuna fò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 8, ó sì gba wúrà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ bàtà sí. Fífò jìnnà kò gbówó lérí tó pápá ńlá. Ọ̀nà ìsáré tí ó gùn tó mítà 40 tí ó sì fẹ̀ díẹ̀ ju mítà kan lọ ni ó ń fẹ́, àti kòtò yanrìn tí ó fẹ̀ tó mítà 3 tí ó gùn tó mítà 8. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì gíga lè gbẹ́ ẹ ní ọjọ́ méjì. Ẹ ṣa òkúta àti àfọ́kù ìgò kúrò nínú yanrìn náà kí ẹ tó dà á sí i, kí ẹ sì máa fi ọkọ́ yí i ní àràárọ̀, nítorí pé òjò a máa jẹ́ kí ó le gbagidi.