Àjẹkù Kì Í Ṣe Ẹ̀gbin

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ilẹ̀ tó ń gbé wa ró. Mo júbà àwọn ìyá tó da ilé àṣẹ sílẹ̀ ní Brazil.

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo bá wá. Lẹ́yìn ọdún òrìṣà, ẹ wo ohun tó máa ń kù: èèpo iṣu, èèpo ẹ̀wà tí a bó fún àkàrà, ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, epo pupa tí a ti fi dín nǹkan. Inú ọ̀rá ni a ń di gbogbo rẹ̀ sí, ọkọ̀ ìjọba a sì gbé e lọ. Níbo ló ń gbé e lọ? Ààtàn ńlá ni, ẹ̀bá ilé àwọn tálákà ló sì sábà máa ń wà.

Ní Brazil, irú nǹkan báyìí sún mọ́ ìdajì pàǹtí inú ilé. Bí wọ́n bá sin ín síbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó ń tú gáàsì mẹ́tééènì jáde, èyí tó ń mú ayé gbóná. Omi dúdú ara rẹ̀ a máa ṣàn lọ bá odò. Ọ̀ṣun tí a ń kí ní òwúrọ̀ ni a ń da ìdọ̀tí sí lára.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo igi ọ̀pẹ. Ẹyìn fún wa ní epo, ekùrọ́ fún wa ní àdín. Ìhá tó kù di ìdáná, èésan di iná alágbẹ̀dẹ. Ìdì ẹyìn tí wọ́n ti ṣa ọmọ rẹ̀ tán, wọn a sun ún di eérú, eérú yẹn ni wọ́n sì fi ń se ọṣẹ dúdú. Ọ̀mùnú imọ̀ di màrìwò, ọwọ̀ di ìgbálẹ̀. Kò sí èyí tó ṣòfò.

Ní 2008, ní àdúgbò Monte Cristo ní ìlú Florianópolis, eku àti àìsàn eku dààmú àwọn èèyàn nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń dà sí ìgboro. Àwọn ará àdúgbò, tí obìnrin ṣíwájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi báàkẹ́ẹ̀tì kó àjẹkù jọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì sọ ọ́ di ajílẹ̀ fún ọgbà. Revolução dos Baldinhos ni wọ́n pe iṣẹ́ náà.

Àwọn ẹ̀gbọ́n kan bi mí pé, ṣé a óò wá kó ẹbọ sínú ajílẹ̀ ni? Rárá o. Ibi tí ẹẹ́rìndínlógún bá ní kí ẹbọ lọ ló ń lọ. Àjẹkù ilé ìdáná ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ìgò, ike àti ọ̀rá tí a ń gbé ẹbọ sí, òrìṣà wo ló béèrè wọn? Ewé láárà ni a fi ń bu oúnjẹ Ọbalúayé ní Olúbàjẹ́, ewé láárà sì ń jẹrà. Ní 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Brazil fi ìdí ẹ̀tọ́ wa láti fi ẹran bọ òrìṣà múlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìgò fífọ́ lẹ́bàá omi di ohun tí àwọn tó kórìíra wa yóò fi dá wa lẹ́bi.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Kí ìyá tó ń bójú tó ilé ìdáná ní báàkẹ́ẹ̀tì méjì: ọ̀kan fún èèpo, ọ̀kan fún epo. Lẹ́yìn ilé, ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ, ẹ da èèpo lé e, ẹ fi ewé gbígbẹ tó pọ̀ ju èèpo lọ bò ó. Ẹ máa yí i kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Bó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á di ilẹ̀ dúdú. Ìdí àwọn ewé Ọ̀sányìn ni kí ẹ dà á sí. Kí ẹni tó mọ̀ nípa sódà fi epo yẹn se ọṣẹ ìfọlẹ̀, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ibẹ̀, torí sódà ń bó ara.

A máa ń sọ pé láìsí ewé, kò sí òrìṣà. Bí ilẹ̀ bá wá ṣá, ewé wo la óò já?

Kí Ilẹ̀ má kọ̀ wá o. Àṣẹ.