Bí Gìrì Bá Mú Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí gìrì bá mú ọmọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré wá ìtọ̀ màlúù. Àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà sè lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ọpọlọ ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí ṣúgà.

Ara gbígbóná lásán lè fa gìrì, èyí sì sábà máa ń lọ láìṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí gìrì bá lọ tán tí ọmọ ò jí, ó lè jẹ́ pé ibà ti wọ ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí kòkòrò ibà wà nínú rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọpọlọ, tó ń dí i. Abẹ́rẹ́ artesunate ni dókítà fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí ọrùn bá le gbagidi, ẹ fura sí àrùn yírùnyírùn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ibà wọ ọpọlọ wọn ló ń yè é. Àmọ́ wárápá máa ń kù sára àwọn mìíràn. Etí ẹlòmíràn a di, ìwé a sì ṣòro fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.