Ọgbà Oko àti Ọ̀wọ́ Ọkọ̀ Òkun

Bí àgbẹ̀ kan bá ní oko méjì tí kò fara kan ara wọn, tí ó sì sọgbà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, igi tí yóò gé yóò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá so wọ́n pọ̀, tí ó sọ ọgbà kan ṣoṣo yí wọn ká, igi náà yóò dín. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ èyí. Síbẹ̀, irú ìṣirò yìí kò hàn sí àwọn ọ̀gá ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1943.

Nígbà ogun Hitler, orí òkun Àtìláńtíìkì ni oúnjẹ àti epo ń gbà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì a sì máa lúgọ dè wọ́n. Nítorí náà ni àwọn ọkọ̀ ẹrù fi ń rìn ní ọ̀wọ́, tí ọkọ̀ ogun díẹ̀ ń ṣọ́ wọn. Òfin ni pé ọ̀wọ́ kan kò gbọdọ̀ ju ọkọ̀ 60 lọ. 40 ni wọ́n gbà pé ó dára jù. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ẹran bá pọ̀ jù lójú kan, ìkookò yóò jẹ àjẹyó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Patrick Blackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ọdún 1941 àti 1942. (Ẹ má rò pé aláìmọ̀kan ni nípa òkun, ó ti jagun nínú ọkọ̀ ogun nígbà èwe rẹ̀.) Wọ́n rí i pé ọ̀wọ́ tí ó tó bí ọkọ̀ 32 ń pàdánù 2.5 nínú 100, ṣùgbọ́n èyí tí ó tó bí 54 ń pàdánù 1.1 péré. Wọn kò dúró níbẹ̀, nítorí iye lásán lè tan ni jẹ; wọ́n wá ìdí rẹ̀. Òkun gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀wọ́ ńlá kò fi rọrùn láti rí ju kékeré lọ ní ohun púpọ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi tí ó bá sì ráyè wọlé, iye kan náà ni yóò rì, ìbáà bá ọkọ̀ 40 tàbí 80 níbẹ̀, nítorí ohun ìjà rẹ̀ níwọ̀n. Ó wá ku àlàfo tí ó wà láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́. Àyíká ọ̀wọ́ ọkọ̀ 80 kò gùn ju ti 40 lọ ju ìdá kan nínú méje. Ẹ̀ṣọ́ tí ó tó fún 40 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún 80.

Ní 1943 ìjọba gbà. Ní 1944 ọ̀wọ́ kan tí ó ju ọkọ̀ 150 lọ la òkun náà kọjá. Ó dun Blackett pé wọn kò ronú kàn án ní ọdún kan ṣáájú. Àwọn atukọ̀ tí ó bómi lọ ní 1942 kò padà mọ́.

Ìwádìí ọ̀nà iṣẹ́ ni irú èyí, kò sì parí sójú ogun. Ní 1952, Norman Bailey, onímọ̀ ìṣirò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wo bí àwọn aláìsàn ti ń jókòó pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Àṣà ni láti pe ọ̀pọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí dókítà má baà wà lásán. Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé bí aláìsàn méjì bá wà nílẹ̀ nígbà tí dókítà bẹ̀rẹ̀, tí a sì pe àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí dókítà máa ń lò lórí ẹnì kan, ìdúró yóò dín kù gidigidi, ọwọ́ dókítà kò sì ní dilẹ̀ púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jí rìn kí àkùkọ tó kọ kí ẹ lè gba nọ́ńbà mọ ohun tí mo ń wí. Bí òṣìṣẹ́ kan bá wá sí abúlé yín pẹ̀lú ìwé àti gègé, tí ó ń bèèrè ìgbà tí ẹ dé ilé ìwòsàn àti ìgbà tí ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ sọ wákàtí náà fún un bí ó ti rí. Bí ẹ bá fi wákàtí méjì kún un kí àánú yín lè ṣe é, iye tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni yóò gbé padà lọ fún àwọn tí yóò ṣe ìpinnu.