Ẹkún Ló Ń Bí Bisikíìtì

Ètò ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá la tún gbé dé. Ìyá kan pè wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọmọ òun kì í dákẹ́ ẹkún bí kò bá rí fóònù gbà. Mo ní, “Ṣé ẹ máa ń fún un?” Ó ní, “Rárá o! Àfi bí àlejò bá wà nílé.” Háà, màmá! Àlejò yẹn gan-an ni wàhálà.

Bí ẹ bá ti ní rárá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ rárá.

Ọ̀gbẹ́ni Skinner, onímọ̀ ìhùwàsí ará Amẹ́ríkà, ló máa ń fi eku sínú àpótí láwọn ọdún 1930. Bí eku bá tẹ irin kan, oúnjẹ á já bọ́. Skinner ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe oúnjẹ ọ̀hún, ní wóró-wóró. Nígbà tó rí i lọ́jọ́ Sátidé kan pé ó fẹ́ẹ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣún un lò: eku á tẹ irin títí, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò rí jẹ. Eku ò dáwọ́ dúró! Bí wọ́n bá wá dá oúnjẹ dúró pátápátá, eku tó ti ń rí jẹ nígbà gbogbo á tètè gba kámú. Èyí tó ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á ṣì máa tẹ irin.

Mo gbọ́ yín o: “Ṣé eku lo fi ọmọ mi wé?” Ẹ má bínú. Ìyá àgbà ni mo fẹ́ bá wí. Bàbá kan kọ̀wé sí wa pé àwọn ti fi òfin de bisikíìtì alẹ́. Ọmọ sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti ń rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá bàbá wọlé: “Ẹ fẹ́ pa á ni?” Ó kọwọ́ bọ báàgì. Ọmọ ti wá mọ̀ pé ẹkún ọjọ́ mẹ́rin ló ń bí bisikíìtì.

Ẹ̀yin bàbá tó ń rẹ́rìn-ín, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù? Èyí tí ẹ jẹ nígbà Iléyá ló ṣì ń fà yín padà síbẹ̀.

Bí ẹ bá máa fún un, ẹ fún un kó tó sunkún. Bí ẹ bá ní rárá, rárá ni, nínú ọkọ̀, níwájú àlejò. Ẹkún á kọ́kọ́ le sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń jáwọ́! Mi ò sọ̀rọ̀ ẹkún ebi tàbí ti ara tí kò yá o. Ẹ tètè dá ìyẹn lóhùn.

Wọ́n ti ń na ọwọ́ sí mi pé ìròyìn fẹ́ wọlé. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.