Ilé Lórí Táyà àti Ẹnu Ibodè

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni ìjíròrò tòní dá lé lórí. Yorùbá mọ̀ pé kò sí ibi tí ìgbín ń lọ tí ìkarahun rẹ̀ kì í bá a dé. Àwọn Òyìnbó ti ṣe irú ìkarahun bẹ́ẹ̀ fún ara wọn: ọkọ̀ tí ibùsùn, ààrò àti omi wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní ọkọ̀-ilé.

Nígbà tí òtútù bá mú ní Jámánì àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ a máa wa ọkọ̀-ilé wọn lọ sí gúúsù Sípéènì láti yá oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba àárín ilẹ̀ náà kọjá yóò kọ́kọ́ la pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga kan já. Madrid, tí ó wà níbẹ̀, fi nǹkan bí mítà 650 ga ju ojú òkun lọ, omi a sì máa dì níbẹ̀ lóru. Ọyẹ́ tí ń la ètè ní Ìkòtún kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù yìí. Gáàsì butane kò ṣeé gbára lé níbẹ̀, nítorí pé kì í ru sókè mọ́ bí òtútù bá ti tó èyí tí omi fi ń dì. Propane ni arìnrìn-àjò tí ó gbọ́n ń gbé dání. Ní agbègbè Jaén, yóò bá àwọn àgbẹ̀ lẹ́nu ìkórè èso ólífì.

Kí ni èyí kan ará Ẹ̀gbẹ́dá? Ó kàn án púpọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ náà ni ìyanu, bí kò ṣe ọ̀nà tí a là sílẹ̀ dè é. Ní 1995 ni a mú àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà kúrò lẹ́nu ibodè Faransé àti Sípéènì, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí a fọwọ́ sí ní abúlé Schengen ní 1985. Bí Faransé tilẹ̀ tún ń yẹ àwọn kan wò láti 2015 nítorí ààbò, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń kọjá láìdúró.

Ọmọ Yorùbá kan ti tọ ọ̀nà náà. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní, 2024, Pẹ̀lúmi Nubi nìkan gbéra ní London nínú Peugeot 107 kékeré kan. Ó la Sípéènì já nínú òtútù, ó sọdá sí Mòrókò, ìjàǹbá ọkọ̀ sì ṣe é ní Côte d'Ivoire. Síbẹ̀ ó wọ Èkó ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin.

Àwa náà ní àdéhùn. Èkó ni a ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975. Ní Dakar, ní 1979, a fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, kí òun àti ọkọ̀ àdáni rẹ̀ lo 90 ọjọ́. Ní 2018 a ṣí ibùdó àpapọ̀ kan ní Sẹ̀mẹ̀, kí òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Benin lè jókòó sábẹ́ òrùlé kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbéra ní Ìgàndò, tí ó gba Ìyànà Ìbá bọ́ sí títì Badagry, yóò rí i pé ibodè kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo: ìdènà lórí ìdènà, ìbéèrè lórí ìbéèrè, àti owó tí kò sí nínú òfin kankan.

Ta ni ń san gbèsè rẹ̀? Alájàpá tí ó gbé ẹrù lọ sí Àjàṣẹ́ ni, àti ẹbí tí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 pín sí méjì, tí ó ń lọ sìnkú ní Kétu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sanwó nítorí pé wọn kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni ọ̀nà náà. Iṣẹ́ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí a ka àdéhùn 1979 ní kíláàsì, kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà yóò gbọ́. Ẹni tí ó mọ ohun tí òfin sọ ni ó lè béèrè ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.